Títù wo lẹ ní kí n rà?

Ẹ̀yin tèmi, tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ra Títù wá, kí lẹ máa ń gbé bọ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá họ́lídè láti ilé ìwé bọ́dìn ni mo rán lọ sí Bódìjà pé kó ra Títù méjì kí n fi se ọbẹ̀ ata, ló bá gbé sàdín alágolo méjì dé, ó tún ra búrẹ́dì tì í. Mi ò tiẹ̀ lè bínú, torí wọ́n kọ Titus sára agolo ọ̀hún gàdàgbà. Ẹja yìnyín ni mo ní lọ́kàn o, èyí tó ní ilà dúdú wúruwùru lẹ́yìn yẹn. A kúkú jẹ búrẹ́dì náà.

---

Àǹtí, ẹjọ́ ọmọ yẹn kọ́ jàre 😂 Màmá mi ń ta ẹja yìnyín, ẹni bá ti ní Títù lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó máa ronú kan agolo. Kòtẹ̀ ni wàhálà tiwa, torí owó ẹ̀ fúyẹ́, àwọn olóúnjẹ kan á rà á, wọ́n á dín in tán, wọ́n á ní Títù ni. Kí ẹ tó dín in, ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ sápá ìrù, tí ìpẹ́ líle bá ń gún yín lọ́wọ́, kòtẹ̀ nìyẹn, ti Títù máa ń dán ni. Ṣàwá ní tiẹ̀, egungun ẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹyin inú ẹ̀ nìkan ló lè mú mi rà á, ẹni tó bá ní ó dùn ju Títù lọ kó máa bọ̀ ká jọ jà.

---

Nílé tiwa, ẹja inú agolo tó bá ti ní tòmátò, Géṣà ni, kódà kí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sí i. Sàdín sì ni orúkọ gbogbo wa tí kọ̀ńdọ́ bá ti to ẹni mẹ́rin sórí àga ẹni mẹ́ta l'Ọ́ṣòdì.

---

Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, mo lọ sídìí ẹja ní súpámákẹ́ẹ̀tì, mo ní wọ́n ní Titus, òyìnbó yẹn kàn ń wò mí ṣáá ni, àfìgbà tí mo nàka sí i, ó ní ah, mackerel. Mo wá mọ ọ̀nà Peckham, àdúgbò tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, kí n tó lanu, oníṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá rárá ti ní "Titus, madam?", ó tún bi mí bóyá kóun gé e.