Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àbúrò mi tí ò lè wọ dánfó mọ́

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dúró tì mí. Ẹ rántí pé mo ń wá therapist, ìyẹn ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀, ní Mainland fún àbúrò mi obìnrin, tí wọ́n fi ìbọn gba fóònù ẹ̀ nínú dánfó l'Óṣòdì, tó wá ń ta gìrì lóru. A ti rẹ́nìkan ní Yaba.

Nọ́ọ̀sì ni mọ́mì yìí tẹ́lẹ̀, wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ló ti ṣiṣẹ́ kó tó lọ kọ́ eléyìí, ó ní wọ́n á rán ojú ọgbẹ́ tán, wọ́n á ní kéèyàn máa lọlé, ẹ̀rù á ṣì wà lára ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò bi í ní "kí ló ṣẹlẹ̀" rárá. Ó ní kó yan àga tó bá wù ú, àbúrò mi yan èyí tó kọjú sílẹ̀kùn, mọ́mì ní kò burú, ó tún ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Mo sunkún. Torí ibi tá a kọ́kọ́ lọ, ṣe ni wọ́n ní kó ro gbogbo ẹ̀ lójú èèyàn mẹ́ta, kò sì jẹun dáadáa fọ́sẹ̀ kan.

Mọ́mì yìí ṣàlàyé fún mi pé àbúrò mi kì í ṣe ojo, ara ló ṣì ń ṣọ́ra bíi pé olè ò tíì lọ. Àtọdún 1980 làwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn, PTSD ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀rù tó ń dúró sára lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú.

Lánàá a wọ dánfó láti Yaba dé Ojúẹlẹ́gba, ó di ọwọ́ mi mú pinpin, ó ń ka ilé epo tá a ń kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti pa á dé níbí.