Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí lórí líǹkì inú ìwé sọ́fítíwíà

Kí n fi tèmi ṣíde o. Ìwé ìlò sọ́fítíwíà kan ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú, DocBook, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi XML kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, la fi kọ ọ́, orí méjìlá. Mi ò fún orí kankan ní xml:id, ìyẹn orúkọ ìdánimọ̀ tiẹ̀, mo ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ṣebí stylesheet, ìyẹn àwọn fáìlì tó ń sọ ìwé náà di HTML, ló ń gé e sí pééjì-pééjì tó sì ń sọ wọ́n lórúkọ fúnra ẹ̀, ch01.html, ch02.html, ó ń lọ geerege. Àwọn èèyàn sì ti ń fi líǹkì ch03.html ránṣẹ́ síra wọn torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ bákọ́ọ̀pù wà. Ọjọ́ tí mo wá ki orí tuntun bọ àárín orí kìíní àti ìkejì, wàhálà dé. Bákọ́ọ̀pù ti sún sí ch04, orí tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà ló wá ń jẹ́ ch03. Ká ní pééjì yẹn kọ̀ tí ò ṣí ni, ì bá sàn, àmọ́ ó ń ṣí dáadáa! Ẹnì kan bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé ká tún un fi sórí látìbẹ̀rẹ̀ ká tó lè ṣe bákọ́ọ̀pù ni?" Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo jókòó, mo fi xml:id sí orí kọ̀ọ̀kan, mo sọ use.id.as.filename di 1 kí stylesheet lè máa fi xml:id yẹn sọ pééjì lórúkọ, ó di bakoopu.html, ibi yòówù kí n gbé e sí, orúkọ ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Sphinx, ohun èlò míì tí wọ́n fi ń ṣe irú ìwé yìí, ló fojú tèmi rí màbo. Níbi téèyàn ti ń sọ lébẹ̀ẹ̀lì (àmì tí líǹkì á máa tọ́ka sí) lórúkọ, `.. _bakoopu:` ni, ìlà kékeré yẹn (_) wà níwájú, àmọ́ tó bá di ibi tá a ti ń pè é, :ref:`bakoopu` ni, ìlà ò sí ńbẹ̀ mọ́. Èmi ń fi síbẹ̀ ṣáá, líǹkì ò jáde. Sphinx sì ń pariwo undefined label, èmi ni mi ò kì í ka warning, mo kàn ń wò wọ́n bí ìgbà téèyàn ń wo òjò lójú fèrèsé ni. -W, tó ń sọ warning di àṣìṣe, ni mo fi ń kọ́ ọ báyìí, tó bá ti rí warning kan péré, kò ní dá ẹ lóhùn.

Ẹ ṣì ń gbádùn o. Texinfo, ohun èlò ìkọ̀wé míì, ni tiwa, ọwọ́ ni mo fi ń kọ Next (èyí tó kàn), Previous (èyí tó ṣáájú) àti Up (èyí tó wà lókè) sí gbogbo @node, ìyẹn ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà. Mo gbé ẹyọ kan kúrò nípò, mo tún méjì ṣe mo gbàgbé ìkẹta, ẹni tó bá ń tẹ n láti lọ síwájú, àárín ojú ewé méjì náà ló ń yí ká. Ìgbà tó yá lẹnì kan wá sọ fún mi pé orúkọ node nìkan ni kí n kọ, pé makeinfo, ètò tó ń sọ Texinfo di ìwé tó ṣeé kà, á wá ìyókù fúnra ẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀.