Bíréékà kárávánù àlòkù mi ń já lálaalẹ́: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìyá Olóúnjẹ, Ìpẹru-Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iná. Àbúrò mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló fi kárávánù àlòkù kan ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn ilé kékeré orí táyà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń fi ọkọ̀ fà kiri nígbà ìsinmi. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe é, inú rẹ̀ ni mo sì ti ń ta oúnjẹ báyìí, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ṣágámù. Iná fóólítì 120 ni àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń lò, nítorí náà ni ẹni tó bá mi tò ó ṣe gbé step-down oní-3000 wáàtì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín fóólítì iná kù, sí àárín kárávánù náà àti iná NẸ́PÀ.

Bíréékà àgbà inú àpótí rẹ̀ jẹ́ 30 áńpíà, ti ẹ̀rọ amúlétutù jẹ́ 20, ti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná jẹ́ 15, ti àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 15. Bí mo bá tan amúlétutù láàárọ̀, ó lè ṣiṣẹ́ di ọ̀sán láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bó bá ti di nǹkan bí aago méje alẹ́, bíréékà rẹ̀ á já. Bí mo bá dá a padà, á tún já kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé. Ti omi gbígbóná tún yàtọ̀ sí èyí: láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kété tí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ni bíréékà rẹ̀ ń já.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ládùúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun yọ bíréékà 20 yẹn, kí òun fi 30 rọ́pò rẹ̀. Ṣé kí n gbà fún un?

Oníná Ṣágámù

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Wáyà tó wà lẹ́yìn ògiri ni bíréékà ń dáàbò bò. Wáyà tí wọ́n fi sí ìdí bíréékà 20 nínú irú kárávánù bẹ́ẹ̀ kò nípọn tó èyí tó lè gbé 30. Bí ẹ bá fi 30 síbẹ̀, wáyà náà á máa gbóná láìsí ohun tí yóò gé iná, bẹ́ẹ̀ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fóòmù ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀. Mo ti rí ibi tí irú rẹ̀ ti jóná, n kò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Àkókò tí bíréékà fi ń já ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ooru bá ti ń mú un, òun ló ń gé iná lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan bí ẹrù, ìyẹn iná tí àwọn ẹ̀rọ ń fà, bá pọ̀ jù. Èkejì jẹ́ kọ́ìlì tó ń fa irin bíi mágínẹ́ẹ̀tì, tó ń gé iná lójú ẹsẹ̀ bí wáyà méjì bá fara kanra. Èyí tó ń já lójú ẹsẹ̀ nídìí omi gbígbóná yín kò jọ ti ẹrù àpọ̀jù rárá. Ǹjẹ́ ẹ ti tan án rí nígbà tí omi kò sí nínú táńkì rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Èmi náà ní irú kárávánù yìí, alẹ́ ló sì máa ń yọ mí lẹ́nu. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí ni pé step-down kì í tún iná ṣe, ṣe ló kàn ń pín in. Bí 230 bá wọlé, 120 ló máa jáde. Bí 170 bá wọlé, bí 89 péré ló máa jáde. Bí mọ́tò amúlétutù bá fẹ́ gbéra pẹ̀lú 89, kò ní lè yí dáadáa, ìṣàn iná tó ń fà á sì ga sókè gan-an títí bíréékà yóò fi gé e. Bákan náà, mọ́tò wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà tó jẹ́ 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa sì jẹ́ 50. Step-down kò lè yí ìyẹn padà, nítorí náà wọ́n máa ń gbóná níbí ju bí wọ́n ṣe ń gbóná lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi míítà wọn iná láàárọ̀ àti ní alẹ́, nígbà tí amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kárávánù kúrò pátápátá, kí ó wá fi sukudiráfà dán síkúrúù gbogbo bíréékà wò. Tèmi ti tú sílẹ̀ nítorí ìrìn àjò. Ooru ibi tó tú yẹn nìkan ti tó láti mú kí bíréékà já nígbà tí ẹrù kò tíì pọ̀.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìpẹru-Rẹ́mọ

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. A ti wọ̀n ọ́n. Iná NẸ́PÀ jẹ́ 218 láàárọ̀, 165 sì ni ní aago méje ààbọ̀ alẹ́. 86 ló ń jáde lára step-down nígbà náà. Síkúrúù bíréékà amúlétutù tú sílẹ̀ lóòótọ́, ara wáyà tó wọ ibẹ̀ sì ti di rẹ́súrẹ́sú bí ẹran tí iná rà.

Ní ti omi, òótọ́ ni. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ tan án lọ́jọ́ tí omi ẹ̀rọ kò wá. Kò sọ fún mi, àfi ìgbà tí mo bi í léèrè lánàá.

Oníná Ṣágámù

Ẹ má bínú sí ọmọ náà púpọ̀, Màmá, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì inú táńkì, ìyẹn irin tó ń mú omi gbóná, ló ti jóná. Kí wọ́n tú wáyà méjèèjì kúrò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n: bó bá jẹ́ oní-1440 wáàtì, nǹkan bíi 10 óòmù ló yẹ kí míítà kà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sì yẹ kó ka ohunkóhun láàárín ẹsẹ̀ kan àti irin táńkì. Bó bá ka ohunkóhun láàárín ẹsẹ̀ àti irin táńkì, ẹ rọ́pò ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì náà, ẹ má sì tan bíréékà rẹ̀ títí di ìgbà náà.

Ní ti amúlétutù, kí wọ́n gé wáyà tó jóná náà dé ibi tó mọ́, kí wọ́n sì ra bíréékà 20 tuntun, nítorí èyí tó ti gbóná bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Sitebiláísà 5 kVA tó dára, ẹ̀rọ tó ń mú kí fóólítì iná dúró déédéé, ni kí ẹ gbé síwájú step-down, níbi tí iná NẸ́PÀ ti ń wọlé, kì í ṣe sẹ́yìn rẹ̀; kó tó dé, ẹ fi fáànù ṣe alẹ́.

Ó ku ohun kan tí ọkàn mi kò balẹ̀ sí. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ara kárávánù láti ìta nígbà tí òjò bá rọ̀, ǹjẹ́ ó máa ń ta yín? Bó bá ń ta yín, wáyà áàtì rẹ̀, èyí tó yẹ kó máa gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, kò dé ilẹ̀ nìyẹn, àwọn oníbàárà yín sì ń fara ti irin náà. Ẹ pa gbogbo iná rẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ri ọ̀pá áàtì mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì so wáyà áàtì náà mọ́ ọ̀pá yẹn kí ẹ tó tún tan ohunkóhun.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìpẹru-Rẹ́mọ

Ó ń ta wá. Mo rò pé òjò ló fà á. Mo ti pa á báyìí, ọ̀la ni wọ́n máa wá ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀.