Wọ́n ní kí n kúrò nídìí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ lọ sí ti ìdájí. Ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé yìí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kékeré kan. Ìta ni mo ti bẹ̀rẹ̀: èmi ni mò ń gbé kámẹ́rà, èmi ni mò ń béèrè ọ̀rọ̀, èmi náà ni mò ń gé fídíò. Nígbà tó di ọdún karùn-ún ni wọ́n fi mí jókòó sídìí ìròyìn aago 6 ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di oṣù tó kọjá.

Ọ̀gá tuntun dé, ó ní ojú tuntun lòun fẹ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n máa wá ka ti ìdájí, aago 5. Ẹni ọdún 41 ni mí. Owó oṣù mi kò dín, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àdéhùn ọdún 3 tuntun síwájú mi, ó sì wà níbẹ̀ pé bí mo bá kúrò, n kò gbọdọ̀ hàn lórí tẹlifíṣàn mìíràn nílùú yìí títí ọdún kan yóò fi pé. Ọ̀sẹ̀ 2 ni wọ́n fún mi láti fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí wọra. Lọ́jọ́ kan tí omi yalé, àárín ìròyìn gan-an ni teleprompter kú. Ọ̀rọ̀ tó ń yí lọ sókè lójú gíláàsì iwájú kámẹ́rà dúró gbagidi, ó sì pòórá. Mo wo bébà iwájú mi, ojú ewé 7 ló wà lókè, ojú ewé 4 ni mo ń wá. Olóòtú ń sọ sí mi létí pé, "Ó ku ogójì ìṣẹ́jú àáyá, máa bá a lọ." Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ti wọ bàtà òjò lọ síbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo sọ ohun tí mo rí: ibi tí omi mu ògiri dé, ọ̀nà tí wọ́n ti dí, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn èèyàn sá wọ̀. Nígbà tí iná pupa ara kámẹ́rà kú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá mi fún nìyí.

Ṣé kí n tọwọ́ bọ̀wé? Àbí ìdájí yìí ni wọ́n fi ń ti èèyàn jáde díẹ̀díẹ̀?

Olóòtú tó ti fẹ̀yìn tì:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń jẹ́ ohùn tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá sí akàròyìn létí. Tún ohun tí o kọ kà. Bàtà òjò tí o wọ̀ láàárọ̀ ló gbà ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò débẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ tuntun tó, ì bá dákẹ́ ni.

Ìdájí kì í ṣe ibojì. Ètò rẹ̀ gùn, ó sì máa ń yí padà: àlejò á pẹ́ dé, ìjàm̀bá á ṣẹ̀ lóru tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ láìwo ìwé. Oorun ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Aago 2 òru ni wàá máa jí, o sì gbọ́dọ̀ ti sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bá àwọn ará ilé rẹ sọ ọ́ kí o tó dá ọ̀gá lóhùn. Lẹ́yìn náà, béèrè bóyá wàá ṣì máa wà nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń yan ìròyìn ọjọ́, àti bóyá wàá ṣì máa jáde lọ wá ìròyìn. Bí wọ́n bá ní rárá sí méjèèjì, wọ́n ń tì ọ́ jáde nìyẹn.

Lọ́yà òṣìṣẹ́:
Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan o. "Ọdún kan" yẹn ni kí ẹ gbájú mọ́. Agbára rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ìpínlẹ̀ New York, òfin ọdún 2008 kan kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tàbí rédíò fi irú rẹ̀ de òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọ̀gá. Níbi tí òfin bá ti gbà á láyè, ẹ ṣì lè dúnàádúrà: oṣù 3 dípò ọdún kan, tàbí kí wọ́n máa sanwó fún yín títí àkókò náà yóò fi pé. Kí ó má sì dè yín bó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n dá yín dúró. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ojú tuntun ńkọ́? Ní 1981, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà, yọ akàròyìn kan tó ń jẹ́ Christine Craft kúrò nídìí ìròyìn. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé òun ti dàgbà jù, òun ò lẹ́wà tó, òun kì í sì í tẹrí ba fún ọkùnrin. Wọ́n dá a láre ní 1983, wọ́n ní kí ó gba 500,000 dọ́là, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbé ìdájọ́ fún ilé iṣẹ́ náà. Ẹjọ́ yìí ṣòroó jàre rẹ̀. Ẹ máa kọ ohun tí ọ̀gá bá sọ sílẹ̀, tòun ti ọjọ́ àti aago.

Akọ̀ròyìn ìta:
N kò bá ẹ̀gbọ́n olóòtú lọ délẹ̀. Èmi náà ka ti ìdájí fún oṣù 8, ohùn mi há, inú ń bí mi sí gbogbo ayé. Mo padà sí ìta nílé iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ní mo rẹ ara mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń sùn lóru, ìròyìn tí mo fẹsẹ̀ mi wá ni mo sì ń sọ. Àǹtí, ẹ rò ó.

Agéfídíò:
Ẹ tọrọ àṣẹ, kí ẹ sì gba ẹ̀dà fídíò yín nísinsìnyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba káàdì ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn, ó ti bọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ mìíràn, ọjọ́ omíyalé yẹn ni kí ẹ fi síwájú.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Mo sunkún níbi ọ̀rọ̀ bàtà òjò yẹn. Mo ti béèrè láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní mo lè wà nínú ìpàdé. Ti ìta, wọ́n ní àwọn á rò ó. Mo ní kí wọ́n kọ ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ sínú àdéhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní fọwọ́ sí i. Lóru àná, mo fi aago sí 2, mo jí, mo jókòó ní pálọ̀, mo ka ìròyìn sókè kí n lè mọ bí ohùn mi ṣe rí lákòókò yẹn. Ó kọ́kọ́ há. Lẹ́yìn ife omi gbígbóná kan, ó là. Ìwé ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà báyìí, ó ku ọjọ́ 5.