Ajílẹ̀ wo ló yẹ àgbàdo àti ẹ̀wà tí mo gbìn pọ̀ fún ẹran?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mo gbin àgbàdo mọ́ ẹ̀wà, kì í ṣe fún ọjà: ewúrẹ́ àti àgùntàn ni yóò jẹ ẹ́ tewétewé. Látìgbà tí mo ti fọ́n ajílẹ̀ yúríà sí i, àgbàdo tutù yọ̀yọ̀, ó sì ga fíofío, ṣùgbọ́n ó ti bo ẹ̀wà mọ́lẹ̀. Ewé ẹ̀wà ń pọ́n, ìtàkùn rẹ̀ rí tín-ín-rín. Bẹ́ẹ̀ ewé ẹ̀wà yẹn gan-an ni púrótéènì pọ̀ sí jù!

Ṣé kí n dín yúríà kù ni, kí n wá ajílẹ̀ súpà fọ́síféètì fún ẹ̀wà? Àbí ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tó o? Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa ń gé tiyín: kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni, àbí tó bá gbọmọ tán?