Wọ́n ní ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ mi, ó tún wà lára páńkíríàsì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 47. Inú tó máa ń dùn mí lápá ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní kí n lọ ṣe síkáànì bóyá òkúta wà nínú àpò òróòro. Kò sí òkúta. Ohun tí wọ́n kọ sínú èsì ni pé ẹ̀dọ̀ mi ń tàn yòò, pé ọ̀rá ló fà á, àti pé páńkíríàsì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, náà ń tàn bákan náà. Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀, kí n dín jíjẹ kù, ló bá pe ẹni tó kàn.

N kò fẹnu kan ọtí rí. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí ìwé náà, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá mo ń mutí ní kọ̀rọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo ti ń gbọ́ nípa ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀, ti páńkíríàsì yìí ni kò yé mi. Ṣé àìsàn méjì ló bá mi lẹ́ẹ̀kan ni, àbí ọ̀kan ló bí èkejì? Ṣé ó máa di jẹjẹrẹ? Bàbá wa ní àtọ̀gbẹ kí wọ́n tó kú.

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́dọ̀:
Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kílíníìkì ẹ̀dọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti rí irú ẹkún yẹn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mutí rí. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ yí orúkọ àìsàn ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ padà láti NAFLD (ọ̀rá ẹ̀dọ̀ tí kì í ṣe ti ọtí) sí MASLD (ọ̀rá ẹ̀dọ̀ tó jẹ mọ́ bí ara ṣe ń lo oúnjẹ). Ara ohun tó fà á ni pé orúkọ àtijọ́ ń fi ọtí júwe ohun tí kì í ṣe ọtí ló fà á, ó sì ń tini lójú.

Ní ti ìbéèrè yín, orísun kan náà ni méjèèjì ti sábà máa ń wá. Abẹ́ awọ ni ara ń kó ọ̀rá pamọ́ sí. Bí ibẹ̀ bá ti kún, ìyókù á wá ibòmíràn wọ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá kún kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu dáadáa mọ́. Ínsúlínì ní kó dáwọ́ ṣúgà dúró, òun á ṣì máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Páńkíríàsì tó ń ṣe ínsúlínì á wá máa ṣe púpọ̀ sí i. Ínsúlínì tó pọ̀ yẹn tún ń mú kí ẹ̀dọ̀ sọ ṣúgà di ọ̀rá. Tó bá yá, ẹ̀dọ̀ á máa ti àpọ̀jù ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì balẹ̀ sí páńkíríàsì. Roy Taylor ti Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló to àlàyé yìí pọ̀ ní 2008. Ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ti ń wọlé, ìdí nìyẹn tí ti bàbá yín fi ká mi lára ju ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ lọ. Lóòótọ́, àwọn ìwádìí kan rí ìsopọ̀ láàárín ọ̀rá yìí àti jẹjẹrẹ páńkíríàsì, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ yẹn ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní ọ̀rá níbẹ̀ kò ní ní in láé.

Ẹ má sì jẹ́ kí "ń tàn yòò" dá yín lóró. Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni páńkíríàsì fara pamọ́ sí, afẹ́fẹ́ inú ìfun sì máa ń bò ó. Ojú lásán ni wọ́n fi wò ó. MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ló lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Ti ẹ̀dọ̀, tó bá ti ju 5% lọ, a ti kà á sí àìsàn. Ti páńkíríàsì, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò sórí ààlà kan.

Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ ní kó ṣe HbA1c (ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn), ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B àti C, AST àti ALT (èròjà ẹ̀dọ̀ tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀), àti platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì). Wọ́n á fi mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí àti ọjọ́ orí yín ṣírò FIB-4, tó ń sọ bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dọ̀ ti ní àpá. Àpá yẹn gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù.

Ọmọ Àtàtà:
Oògùn kan wà tó ń fọ ẹ̀dọ̀ àti páńkíríàsì láàárín ọjọ́ 7. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́dọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo ti tọ́jú àwọn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Kò tíì sí oògùn kankan tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọ̀rá inú páńkíríàsì. Fún ẹ̀dọ̀ tó ti ń ní àpá, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom ní 2024, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fúnni.

Bàbá Arìnlówùúrọ̀:
Àbúrò mi, irú èsì yín ni wọ́n fún èmi náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kílò 98 ni mo wà. Ohun mímu tó ní ṣúgà ni mo kọ́kọ́ pa tì, mo wá ń rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi sọ kílò 11 nù, kò yá rárá, oṣù kẹrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sọ̀rètí nù nítorí ìwọ̀n kò yí. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀dọ̀ mi yẹ̀ wò, ọ̀rá ti dín kù gan-an. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní DiRECT, tí Taylor yẹn náà wà nínú rẹ̀: nínú àwọn alátọ̀gbẹ oríṣi kejì tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n ara kù, 46% ni ṣúgà wọn kúrò ní ìwọ̀n àtọ̀gbẹ láìlo oògùn lẹ́yìn ọdún kan.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ bá mi fi kún un: bí inú lókè bá ṣàdédé dùn yín gan-an, tó gba ẹ̀yìn lọ, tí ẹ sì ń bì, ẹ má dúró béèrè níbí, ilé ìwòsàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí funfun ojú bá di àwọ̀ ìyeyè, tàbí bí ẹ bá ń rù láìgbìyànjú.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, mo ti ṣe àyẹ̀wò náà. HbA1c 6.1%, FIB-4 0.9. Kò sí mẹ́dọ̀wú.

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́dọ̀:
Inú mi dùn. FIB-4 tí kò tó 1.3 fi hàn pé àpá tó le kò jọ pé ó wà. Ṣúgà yín ló ti ń gòkè: láti 5.7 dé 6.4, ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ nìyẹn, ẹ kò tíì wọlé. Bí ẹ bá lè sọ 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yín nù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dọ̀ á jèrè rẹ̀ gan-an.

Olùbéèrè:
Kílò 84 ni mí. Ìyẹn jẹ́ 6 sí 8. Orúnkún ń dùn mí, n kò lè rìn jìnnà.

Bàbá Arìnlówùúrọ̀:
Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọ̀la ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún wa bó ṣe rí.