"Apìpáàrà" kò bá ọ̀dà ìtẹ́lẹ̀ irin mu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹni tó dábàá lánàá pé ká máa pe primer irin, ìyẹn ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń kùn sára irin, ní "ọ̀dà apìpáàrà", ọ̀dà tó ń pa ìpáàrà, gbìyànjú. Ó bá apìtàn àti apẹja mu, ó sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Orúkọ yẹn á ba géètì onígéètì jẹ́.

Ìpáàrà kì í kú torí pé a kun ọ̀dà lé e. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń bí i, iyọ̀ sì ń mú un yá. Ó ní ihò wínníwínní tí omi ń gbà wọlé, àyè tó sì ń gbà ju ti irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀dà sókè títí yóò fi bó. Ẹni tó bá ra "apìpáàrà" ní Ṣágámù, ṣé yóò tún fi wáyà búrọ́ọ̀ṣì ha irin kó tó kùn ún? Á ní ṣebí ọ̀dà á pa á.

Níwájú ìsọ̀ àwọn wẹ́dà ní Rẹ́mọ níbí, red oxide ni mo ń gbọ́ fún gbogbo ọ̀dà ìtẹ́lẹ̀, kódà èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú. Ẹ sì wò ó: ohun tó pọ́n nínú red oxide, ọmọ ìyá ìpáàrà ni, irin àti ọ́síjìn ló di òun náà! Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lẹ̀ mọ́ irin, kí ọ̀dà òkè lè rí nǹkan dì mú. "Ọ̀dà ìtẹ́lẹ̀" tó o. Ẹlòmíràn ní "ọ̀dà ìṣáájú". Mi ò bá a jà.

Èyí tó kún fún síǹkì ló yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀. Bíi ti ara páànù onírin, síǹkì yẹn ni afẹ́fẹ́ àti omi ń kọ́kọ́ jẹ. Bí nǹkan bá tilẹ̀ ha á, síǹkì tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á ṣì máa jìyà dípò irin. Mo pè é ní "ọ̀dà afarajìn". Àmọ́ irin tí a ha mọ́ tónítóní ló gbọ́dọ̀ fara kàn.

Èyí tó ní tannic acid tàbí phosphoric acid nínú nìkan ló sún mọ́ àbá àná. Òun náà kì í pa ìpáàrà, ńṣe ló ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ti tannic á di dúdú. Kò sì ran ìpáàrà tó ti di èépá tó ń já bọ́. "Apìpáàràdà", ohun tó ń pa ìpáàrà dà, ni n óò pe ọ̀dà yìí. Bó bá gùn jù lójú yín, ẹ gé e kúrú, ṣùgbọ́n ẹ má gé "dà" kúrò, torí òun gan-an là ń jà sí.